Kì í Ṣe Ẹ̀yin Là Ń Bá Wí

Ibi ìwọ́de ni Doreen Krahl ti bá ìfẹ́ pàdé, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó jìnnà sí ọkàn rẹ̀ lọ́jọ́ náà bí ìfẹ́. Inú ń bí i. Inú ń bí gbogbo Altweida, ìlú wọn ní ìlà oòrùn Jámánì. Ọkọ̀ rélùwéè tó ń ti Dresden bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni àṣemọ irú rẹ̀. Ìjọba ti ní àwọn èrò tó ń wọ̀ ọ́ kò pọ̀ tó, wọn kò sì ní rán òmíràn wá mọ́. Ilé ìgbẹ̀bí ni wọ́n kọ́kọ́ tì, wọ́n kó ilé ẹ̀kọ́ girama lọ sí ìlú kejì, ibi ìwakùsà èédú tó ń bọ́ tọmọdé tàgbà tẹ́lẹ̀ sì ti di adágún omi tí àwọn àlejò ń wá lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ nígbà ooru. Rélùwéè ló wá kù, wọ́n tún fẹ́ mú un lọ. Ni ìlú bá tú jáde sí ibùdókọ̀ pẹ̀lú pátákó àti ìkòkò tí wọ́n ń fi ṣíbí lù kíkankíkan.

Ọkọ̀ náà dúró. Ẹnì kan ṣoṣo ló fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé àpò méjì dání. Bó ṣe rí èrò tó ń hó yèè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan dúró lórí àtẹ̀gùn, èkejì kò tẹ̀ lé e. Doreen rí ojú rẹ̀. Ó rí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe gbẹ lójú náà. Kò mọ ohun tó tì í, àfi bó ṣe fi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ tó sì lọ bá a.

“Má foyà,” ó ní. “Rélùwéè là ń jà fún. Kì í ṣe ìwọ.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wò ó. “Ṣé ó dá ọ lójú?”

“Ó dá mi lójú.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Torí èmi náà ní ẹjọ́ láti bá a rò. Ó pẹ́ kó tó gbéra, kò sì sí omi nínú ilé ìyàgbẹ́ rẹ̀.”

Ẹ̀rín pa Doreen níbi tí kò yẹ kí ènìyàn ti rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó gba àpò kan lọ́wọ́ rẹ̀ ló tó dá a mọ̀: Khoi ni, ọmọ ìyá olódòdó, tí ó wà níwájú rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láyé ìjọba kọ́múníìsì àtijọ́ ni àwọn òbí Khoi ti Vietnam wá láti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aránṣọ. Nígbà tí ìjọba náà wó, tí ilé iṣẹ́ náà sì tì, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù òdòdó àti ẹ̀fọ́ sí iwájú gbọ̀ngàn ìlú. Dresden ni Khoi ń gbé, àwòrán ilé ló ń yà fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọ lu bàbá rẹ̀, ìyẹn ló sì mú un wálé.

*

Láti ọjọ́ yẹn ni Doreen ti di òǹrajà òdòdó. Ilé àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń tọ́jú àwọn tí ọmọ wọn ti lọ sí ìwọ̀ oòrùn Jámánì tí wọn kò sì padà. Òun náà ti ní àfẹ́sọ́nà kan rí. Ìwọ̀ oòrùn ni ọkùnrin náà gbà lọ. Doreen ti ń lọ bí ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, ó sì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé kò sí ẹni tí yóò sọ̀ kalẹ̀ ní Altweida mọ́. Ẹni kan wá sọ̀ kalẹ̀. Lónìí yóò ra òdòdó pupa, lọ́tunla yóò ra funfun, títí Sigrun, ìyá rẹ̀, fi dúró láàárín ilé ìdáná tó ní, “Doreen, jọ̀wọ́, ta ló kú?”

Ìgbà ìkórè wọlé, wọ́n jọ ń rìn létí adágún omi lọ́jọ́ Sunday. Pátákó ìpolongo ìbò gbogboogbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ṣì wà lára òpó iná, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ti Ẹgbẹ́ Ilẹ̀-Baba, àwọn tí kò fẹ́ àjèjì nílẹ̀ Jámánì, tí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí i pé: KÍ OLÚKÚLÙKÙ PADÀ SÍLÉ RẸ̀. Khoi tẹjú mọ́ ọ̀kan.

“Ta lo dìbò fún, Doreen?”

Irọ́ wà lẹ́nu rẹ̀ tó ti ṣe tán. Bí ó bá pa á, ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n ojú tí Khoi fi ń wò ó kò ṣe é purọ́ fún.

“Àwọn yẹn,” ó ní, ó sì tọ́ka sí pátákó náà.

Khoi yí ojú sí adágún omi.

“O mọ Jana, ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí ìrọbí mú un, ilé ìgbẹ̀bí wa ti di títì. Inú ọkọ̀ ló bímọ sí, láàárín igbó, èmi ni mo dì í lọ́wọ́ mú. Ọmọ náà kò sunkún, Khoi. Àwọn tí a ti ń dìbò fún látọjọ́ yìí ló ti ilé náà pa. Wọ́n fi káàdì ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́. Nígbà tí mo dé ibi ìbò, ìbínú ló kún inú mi. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan lókè gbọ́ ariwo.”

“Ṣé àwọn yìí ní àwọn yóò ṣí ilé ìgbẹ̀bí náà?”

“N kò bi wọ́n.”

“Ọ̀rọ̀ ọmọ náà dùn mí dé ọkàn,” ni Khoi wí níkẹyìn. “Ṣùgbọ́n àwọn ará òkè kò gbọ́ ariwo rẹ. Màmá mi ló gbọ́ ọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ìbò náà, ó ń wo gbogbo oníbàárà tó wọlé, ó ń rò ó pé, ṣé èyí ni, àbí ìyẹn.”

Ó sìn ín délé. Kò di ọwọ́ rẹ̀ mú lójú ọ̀nà.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Doreen kò ya ṣọ́ọ̀bù náà mọ́. Bó bá fẹ́ kọjá níwájú gbọ̀ngàn ìlú, yóò gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà mìíràn yóò máa bínú sí ara rẹ̀ pé kí ló dé tóun dìbò bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn yóò máa bínú sí Khoi pé ta ló ní kó béèrè. Ọ̀kan kò jẹ́ kí èkejì sinmi.

Ọjọ́ kan ló ń fún ìyá arúgbó kan ní ọbẹ̀ ọ̀dùnkún mu, ló bá gbọ́ tí arúgbó náà ní, “Ọmọ dáadáa ni èyí tó dúró sẹ́nu ọ̀nà yìí o. Bó ò bá fẹ́ ẹ, jẹ́ kémi fẹ́ ẹ.” Khoi ló dúró níbẹ̀, ó di òdòdó tó ti ń rọ lọ́wọ́.

“Èyí tí a kò rí tà ni,” ó ní. “Doreen, mo gbìyànjú láti kórìíra rẹ. Iṣẹ́ ńlá ni. Ọwọ́ mi sì dí, ìdájí ni mò ń jí lọ ra òdòdó.”

*

Ìgbà òtútù lọ, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ọ̀rọ̀ náà ì bá rọrùn, bí kò bá ṣe ti Lothar.

Lothar Krahl, bàbá Doreen, ni ọ̀gá àwọn panápaná Altweida. Nígbà tí èédú ṣì wà, òun ló ń wa ẹ̀rọ ìwalẹ̀ ńlá tó ga ju ilé ìjọsìn lọ. Ènìyàn tí kì í sùn bí iná bá ń jó ilé ẹlòmíràn ni. Nígbà tí Khoi wà lọ́mọdé, Lothar ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ká rọ́bà omi, ó sì máa ń sọ fún gbogbo ayé pé ọmọ náà já fáfá ju tiwọn lọ. Nígbà tó gbọ́ pé Doreen ń fẹ́ Khoi, ẹ̀rín ayọ̀ ló rín.

Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Seidler wá láti olú ìlú, aṣojú Ẹgbẹ́ Ilẹ̀-Baba, kóòtù rẹ̀ ń dán, ó ní kí Lothar wá díje fún ipò méyọ̀, olórí ìlú. Lothar gbà. Báàjì ẹgbẹ́ náà wọ àyà ẹ̀wù rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí Doreen bá ti dárúkọ Khoi, bàbá rẹ̀ á fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn.

“Ẹ jẹ́ kí ìbò kọjá ná,” ni yóò wí. “Kí ló ń lé yín? Àwọn ará olú ìlú ń wò wá. Ẹ̀yìn ìbò, ẹ ṣe é bó bá ṣe wù yín.”

Gundula, àbúrò Lothar obìnrin, ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí Khoi. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ìṣerun. Kò sí orí tó wà ní Altweida tí ọwọ́ rẹ̀ kò kàn, kò sì sí àṣírí tó wà nínú orí náà tí kò mọ̀. Ó gbé kéèkì dání, ó wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù olódòdó lọ. Màámi Nhan, ìyá Khoi, fún un ní tíì. Obìnrin kékeré ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

“Ọmọ yín ń fẹ́ ọmọ wa,” ni Gundula bẹ̀rẹ̀, “ọmọ wa náà sì ń fẹ́ ọmọ yín. Àwa àgbà nìkan la kù tí a kò fẹ́ ara wa.”

Màámi Nhan rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Àǹtí Gundula, Doreen kò ní àléébù lójú mi. Ó ń wá fọ ẹsẹ̀ bàbá Khoi, kò sẹ́ni tó rán an. Ṣùgbọ́n kí ẹ gbọ́. Lọ́dún kejì tí odi Berlin wó, wọ́n wá sábẹ́ fèrèsé ilé tí àwa òṣìṣẹ́ ń gbé. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń sọ òkúta. Mo gbé Khoi pamọ́ sínú ilé ìwẹ̀. Kì í ṣe àwọn tó ń sọ òkúta ni mo ń rántí jù. Àwọn aládùúgbò tó dúró lódìkejì títì ni, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́.” Ó gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. “Ọmọ tí àwọn méjèèjì máa bí ńkọ́? Ṣé bàbá àgbà rẹ̀ yóò máa gbé e mọ́ àyà kan náà tó fi báàjì yẹn sí?”

Gundula, tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀, dìde lọ sílé. Kéèkì tó gbé wá, òun náà kò jẹ nínú rẹ̀.

Ó ní àfi kí Lothar àti Khoi jókòó sọ ọ́ fúnra wọn. Bí Khoi ṣe wá jẹun ọ̀sán Sunday nílé àwọn Krahl nìyẹn, lásìkò tí ìbò kò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ mọ́. Sigrun se ẹran màlúù tí wọ́n rẹ sínú ọtí kíkan, ó se ewébẹ̀ pupa sí i. Wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Doreen ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

“Ọ̀gá,” ni Khoi wí, bó ṣe ń pe Lothar láti kékeré, “mo fẹ́ fẹ́ Doreen. Mo sì fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Gbólóhùn tó wà lára pátákó yín, pé kí olúkúlùkù padà sílé rẹ̀. Níbo ni ilé mi?”

“Háà, Khoi!” Lothar gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. “Kì í ṣe ẹ̀yin là ń bá wí. Ẹ̀yin ń ṣiṣẹ́. Gbogbo wa la mọ̀ yín. Ọmọ ìlú yìí ni ẹ́.”

“Ẹ̀yin mọ̀ mí. Ṣé ẹni tó bá mu ọtí yó, tó pàdé màmá mi ní ibùdókọ̀, tó sì ti ka pátákó yín, ṣé òun náà yóò mọ̀ pé kì í ṣe màmá mi lẹ ń bá wí?”

Ojú Lothar pọ́n. “Gbọ́, ọmọ mi. Ìwọ ti lọ gbé Dresden. Àwa wà níbí. Ta ló wá bi wá léèrè nígbà tí wọ́n ti ibi ìwakùsà? Ta ló wá nígbà tí ọmọ Jana kú? Gbogbo ẹgbẹ́ tó kù ń fi wá rẹ́rìn-ín. Àwọn yìí nìkan ló wá jókòó lórí àga yẹn, tí wọ́n ní, ‘Lothar, kí ló ń dùn yín?’”

“Wọ́n wá lóòótọ́,” ni Khoi wí jẹ́jẹ́. “Kí wá ni wọ́n sọ pé ó ń dùn yín? Èmi.”

Kò sẹ́ni tó jẹ ẹran náà mọ́. Khoi dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Sigrun fún oúnjẹ, ó sì jáde. Nígbà tí Doreen bá a ní ìta, ó ní, “Bàbá mi ti ń gbé ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ìbò bá ti kọjá, mò ń padà sí Dresden.”

“Èmi ńkọ́?”

“Èyí tí n kò mọ̀ nìyẹn, Doreen.”

*

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìbò, Doreen bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń so táì níwájú dígí.

“Bàbá, n kò ní í dìbò fún yín lónìí. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.”

Ọwọ́ Lothar dúró lórí táì náà. “Ìwọ? Ọmọ bíbí inú mi? Àwọn tó ti ilé ìgbẹ̀bí pa lo fẹ́ lọ dìbò fún?”

“Mo kórìíra wọn,” ni Doreen wí, omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. “Mo kórìíra wọn, màá sì dìbò fún wọn, kíkorò rẹ̀ yóò pẹ́ lẹ́nu mi. Bí ẹ̀yin nìkan lẹ bá ń díje, ẹ̀yin ni màá dìbò fún. Ṣùgbọ́n ẹ kò dá wá, ẹgbẹ́ yẹn wà lẹ́yìn yín.”

Lothar wọlé. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú lọ ni wọ́n kéde rẹ̀ níwájú gbọ̀ngàn ìlú. Àwọn aráàlú ń dì mọ́ra, àwọn mìíràn ń sunkún ayọ̀, bí ẹni pé rélùwéè ti ń bọ̀ lọ́nà. Seidler àti àwọn ọ̀dọ́ tó kó wá láti olú ìlú gun orí pèpéle. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin kan. Orin náà kò gùn: ẹ lé wọn jáde, ẹ lé wọn jáde. Lódìkejì ojúde náà, Doreen rí Màámi Nhan tó jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù, tó ń gbé ike òdòdó wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, láìsáré. Lẹ́yìn náà ló fa ilẹ̀kùn irin wálẹ̀.

Lothar náà rí i. Doreen mọ̀ pé ó rí i, torí ojú rẹ̀ kò kúrò lára ilẹ̀kùn náà. Ó dúró láàárín wọn, ife ọtí lọ́wọ́ rẹ̀. Doreen ń retí. Ó ń bẹ̀ ẹ́ lọ́kàn: ẹ sọ nǹkan kan, Bàbá, ọ̀rọ̀ kan péré. Seidler fi ìgúnpá gún Lothar. Lothar gbé ife náà sókè.

Doreen kò sùn nílé ọjọ́ náà. Ọ̀dọ̀ Àǹtí Gundula ló kó lọ. Ní ọjọ́ kejì, ó bá Khoi níbi tó ti ń di ẹrù.

“Fẹ́ mi,” ó ní. “Lónìí. Mò ń tẹ̀ lé ọ lọ sí Dresden. N kò fẹ́ rí bàbá mi sójú mọ́.”

Khoi fi aṣọ tó ń ká sílẹ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. “Doreen mi. O fi ìbínú dìbò nígbà kan. Jọ̀wọ́, má fi ìbínú fẹ́ mi.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára bí ọ̀bẹ. Ó bínú lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó dùbúlẹ̀ sórí àga gígùn nílé Gundula, tó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó mọ̀ pé òótọ́ ni.

*

Khoi padà sí Dresden, ó sì tó ọdún kan tí òun àti Doreen fi ń lọ, tí wọ́n ń bọ̀. Bọ́ọ̀sì kan dé ìlú kejì, ìkejì dé Dresden. Bí òjò dídì bá bo ọ̀nà, Doreen á dúró tì pátápátá. Nígbà mìíràn wọn yóò jà títí tí bọ́ọ̀sì ìpadàbọ̀ yóò fi dé. Nígbà mìíràn wọn kò ní í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọn yóò kàn jókòó sí etídò Elbe, orí Doreen ní èjìká Khoi, yóò máa bi ara rẹ̀ pé: ṣé èmi ló fẹ́, àbí ó kàn ń ṣàánú mi torí àforíjì tí mò ń wá? Ọjọ́ kan ló bi Khoi bẹ́ẹ̀ gan-an. Khoi ní, “Àánú? Ọmọbìnrin tó ń jẹ súwẹ́ẹ̀tì mi tán lójú mi?”

Ní Altweida, rélùwéè kò padà. Ilé ìgbẹ̀bí kò ṣí. Lothar kọ lẹ́tà títí, ó lọ sí olú ìlú títí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ní kó ní sùúrù, pé ọ̀rọ̀ àwọn àlejò ni kó tẹnu mọ́. Àwọn tó dì mọ́ ọn lọ́jọ́ ìbò bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọ̀rọ̀ dúró bó bá wọ ilé búrẹ́dì. Lọ́jọ́ kan, wọ́n wá lu ìkòkò lábẹ́ fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀. Sigrun ló sọ fún Doreen. Ó ní nígbà tí Lothar délé, ó jókòó sínú ọkọ̀ fún ìgbà pípẹ́ kó tó wọlé.

Inú Doreen kò dùn sí i. Ó yà á lẹ́nu pé inú òun kò dùn. Ìgbà náà ló mọ̀ pé ìbínú náà ti tán, ó sì mọ ohun tó kù sí àyè rẹ̀. Ó wọ bọ́ọ̀sì méjèèjì, ó lọ kan ilẹ̀kùn Khoi.

“Inú kò bí mi sí ẹnikẹ́ni lónìí,” ó ní. “Ṣé wàá fẹ́ mi?”

Khoi gbà. Altweida ló sì ní kí wọ́n ti ṣe é. “Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. N kò ní í lọ gbéyàwó níbòmíràn bí olè.”

Ní oṣù Karùn-ún ni wọ́n ṣe é, ní gbọ̀ngàn ìlú. Akọ̀wé obìnrin kan ló so wọ́n pọ̀. Méyọ̀ kò yọjú. Bàbá Khoi fi ọ̀pá rìn wọlé fúnra rẹ̀. Jana di òdòdó ìyàwó dání. Gundula sunkún débi pé àtíkè rẹ̀ ṣàn dé ọrùn. Lẹ́yìn náà wọ́n to tábìlì sí iwájú ṣọ́ọ̀bù olódòdó, wọ́n ń jẹ ìrẹsì tí wọ́n tẹ́ fẹ́lẹ́ bí ewé, tí wọ́n ká ẹ̀fọ́ àti edé sínú rẹ̀, àti sàláàdì ọ̀dùnkún tí Sigrun ṣe.

Níbẹ̀ ni Doreen ti rí ọkọ̀ bàbá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Lothar wà nínú rẹ̀. Doreen gbé aṣọ ìyàwó rẹ̀ sókè díẹ̀, ó lọ bá a. Lothar yí gíláàsì wálẹ̀. Aṣọ panápaná ló wọ̀, kò sí báàjì níbẹ̀.

“Ẹwà rẹ pọ̀,” ó ní. Lẹ́yìn náà: “N kò tíì fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, Doreen. N kò fẹ́ purọ́ fún ọ. N kò mọ ibi tí mo fẹ́ lọ bí mo bá fi í sílẹ̀.”

“Mo gbọ́, Bàbá.”

“Ṣé o lè bá mi bá àwọn òbí Khoi sọ̀rọ̀? Kí n kàn wá kí wọn.”

Doreen wo ojúde náà. Ó rí Màámi Nhan tó jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, tó ń wo ọ̀dọ̀ wọn. Ì bá rọrùn láti di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú. Ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ lọ. Ó dá a dúró.

“Rárá,” ó ní. “Ìyá Khoi ló jókòó yẹn. Ẹ lọ bá a fúnra yín.”

Ó padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ láìwẹ̀yìn. Ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí. Lothar rìn la ojúde já, níṣojú àwọn tó dìbò fún un àti àwọn tí kò dìbò fún un, ó sì dúró níwájú obìnrin kékeré náà. Ó ṣí fìlà. Ó ń sọ nǹkan kan. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún, kò sẹ́ni mìíràn tó gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀. Ó na ọwọ́.

Màámi Nhan kò gba ọwọ́ náà. Ó wò ó títí agogo fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó fi í sórí itan, Lothar sì jókòó sí àyè náà.

“Kí ló sọ?” ni Khoi sọ sí etí Doreen.

“N kò gbọ́,” ni Doreen wí. Ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, àwọn méjèèjì sì ń wo bẹ́ǹṣì náà.